Nọ́ńbà Tí Túnjí Mọ̀

Pàràkú,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Màmá láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi níbí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òjò tó ń palẹ̀ mọ́. Ara mi le. Ọmọ inú mi ń ta mí nípàá bí ẹni tó ní ibì kan tó fẹ́ sáré lọ. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò ọ̀nà jíjìn títí n ó fi bímọ, nítorí náà ẹ kò ní rí mi nílé ní ìparí ọdún yìí. Ẹ má bínú sí mi.

Páálí tí Rótìmí awakọ̀ gbé fún yín yìí, fóònù tuntun ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò ó jìnnà. Èyí tí ẹ̀ ń lò ti ṣe tirẹ̀ láyé. Rọ́bà lẹ fi de ẹ̀yìn rẹ̀, bátìrì rẹ̀ ti wú, tí mo bá sì ń bá yín sọ̀rọ̀, ó máa ń kú kí ẹ tó dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi yín pé báwo ni ẹsẹ̀ Màmá. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Ẹsẹ̀ náà ti...", ló bá pa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ohun tí ẹsẹ̀ náà ti ṣe.

Èyí lójú gbòòrò. Ẹ ó máa rí mi, èmi náà ó máa rí yín. Tí mo bá bímọ, ẹ ó rí ọmọ náà kí ojú rẹ̀ tó là dáadáa. Ẹ yọ síìmù inú ti àtijọ́, kí ẹ fi sínú tuntun yìí. Tó bá tóbi jù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣakí, wọ́n á bá yín gé etí rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni.

Ẹ má gbé e sínú àpótí o. Mo mọ̀ yín. Bàtà tí mo rà fún yín nígbà ìgbéyàwó mi ṣì wà nínú ọ̀rá tí mo fi gbé e wá.

Ọmọ yín tí ojú yín ń wù ú rí,
Sodiqat


Abà Àpọ́nlé, ọ̀nà Ìgbòho,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá, 2024

Sodiqat ọmọ mi, Àdùnkẹ́ tèmi,

Mo rí ìwé rẹ, mo rí páálí náà. Ọlọ́run yóò fún ọ lọ́mọ tí yóò máa rántí rẹ bí o ti ń rántí wa. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti sàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn kí fóònù tó pa. Ó kí ọ, ó ní kí o má máa jókòó pẹ́ jù nídìí ẹ̀rọ.

N ó sọ òtítọ́ fún ọ nípa ẹrù rẹ. Ó dára, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú àká, mo sì rí ihò eku tí mo ti ń wá tipẹ́. Mo fi ya àwòrán iṣu tí a wà, ìyá rẹ ní iṣu náà tóbi nínú àwòrán ju bó ṣe tóbi nílẹ̀ lọ. Ó tún máa ń pe ìrun fúnra rẹ̀. N kò mọ ẹni tó ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi dùn sí ìyẹn.

Ọwọ́ mi ni kò bá a mu. O mọ bí ìka àgbẹ̀ ṣe ń rí. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ṣí ohun tí n kò pè. Ìyá rẹ ló ń fi ọmọńdinrín rẹ̀ bá mi ṣí i. Iná rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ti àtijọ́, bí mo bá ṣájì rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn, kí bátìrì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Èyí a ti kú sápò mi kí n tó toko dé.

Àmọ́ nǹkan mìíràn ló mú mi jókòó ti ìwé. N kò tíì yọ síìmù náà. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí Túnjí àbúrò rẹ ti gba ọ̀nà Líbíyà lọ, fóònù àjèjì ló fi ń pè wá. Wọ́n ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú aṣálẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tó ní ló sì bá a lọ. Tèmi nìkan ló mọ̀ sórí, nítorí òun ló ra síìmù náà fún mi, òun ló sì yan nọ́ńbà náà. Nígbà tó pè kẹ́yìn, àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irun. Mo ní, "Túnjí, máa bọ̀ nílé." Ó ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá. N kò lè fọwọ́ lásán wọlé." Ohùn rẹ̀ jìnnà bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Ibẹ̀ ló já sí. Àgbàdo yẹn ti gbó, a ti kó o, a ti ń jẹ ẹ́ tán lọ, kò tíì pè.

Nítorí náà n kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mú ọ̀bẹ súnmọ́ síìmù yẹn. Ṣé kò ní dùn ọ́ bí mo bá fi tuntun yìí sílẹ̀ fún àwòrán nìkan?

Èmi bàbá rẹ,
Fàsásì


Pàràkú,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnira ọ̀rọ̀ ọmọ. Mo ka ìwé yín, mo sunkún. Lẹ́yìn ẹkún, inú bí mi díẹ̀. Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ́.

Nọ́ńbà kò sí nínú fóònù, Bàbá. Inú síìmù ló wà. Ibi tí ẹ bá gbé síìmù sí ni Túnjí yóò pè sí. Ó dà bí ìgbà tí ẹ kó kúrò ní yàrá kan bọ́ sí òmíràn nínú ilé kan náà. Ẹni tó mọ ilé yín á ṣì wá kanlẹ̀kùn.

Èyí tí ẹ dì mú yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Mo pè yín lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ti pa. Mo pè lọ́jọ́ kejì, ó ti pa. Èmi lè tún pè, fóònù mi wà lọ́wọ́ mi. Túnjí ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ó bẹ onífóònù kan títí onítọ̀hún fi yá a fún ìpè kan ṣoṣo, tó wá jẹ́ ìgbà tí bátìrì yín ń ṣe wèrè ló pè? Ẹ rò ó wò. Ṣé kì í ṣe pé ó ti pè ná, tí kò wọlé?

Rótìmí sọ fún mi pé ẹ ti fi gèlè Màmá wé tuntun náà, ó wà lábẹ́ ibùsùn. Ó dùn mí. Mo rán aṣọ púpọ̀ kí n tó rà á, ẹsẹ̀ mi wú. Kì í ṣe pé mo ń ka oore lójú yín o. Mo kàn fẹ́ kí ẹ lò ó ni.

Ọmọ kì í pàṣẹ fún bàbá rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀: ẹ gbé síìmù náà lọ sí Ṣakí. Gbogbo ènìyàn níbí ló ti gé tiwọn, kò sí èyí tó ṣe nǹkan kan.

Ọmọ yín,
Sodiqat


Abà Àpọ́nlé,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá, 2024

Sodiqat,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọmọ inú wà dáadáa? Kí o tó ka ìwé yìí síwájú, jókòó.

Mo ṣe ohun tí o wí. Mo lọ sí Ṣakí, sí ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ibùdókọ̀. Mo sọ fún un pé, "Rọra o, ọ̀nà ọmọ mi ló wà nínú nǹkan yìí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, lójoojúmọ́ là ń ṣe é." Ó gé e, ó fi sínú tuntun, ó mú nẹ́tíwọ́kì. Ìwọ náà rí wa lọ́jọ́ náà. O rí bí ìyá rẹ ṣe ń fọwọ́ pa ojú fóònù lára tó rò pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ lòun ń pa lára. O ti sanra! Inú wa dùn débi pé ìyá rẹ gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná. Mo sọ fún un nígbà náà pé ọmọ yìí mọ ohun tó ń wí, àgbà náà a máa ṣe agídí láìnídìí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù náà kọ̀wé sójú pé kò sí síìmù nínú òun. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún fi í sí i. Bákan náà. Mo padà sí Ṣakí. Ọkùnrin náà wò ó títí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ọ̀bẹ ti wọ ara irin tó ń dán yẹn, ó sì ti ń là díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ní kò sí ewu, kí n lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni nẹ́tíwọ́kì, wọ́n á fún mi ní síìmù mìíràn pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà.

Mo débẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bọ̀wọ̀ fún mi, ó fún mi ní àga. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó ní, "Bàbá, ta ni Ọlátúnjí?" Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí síìmù yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá. Ìka rẹ̀ la máa fi ṣí i."

Mo ní, "Ìyá mi, torí kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀ ni mo ṣe ń wá síìmù náà."

Ó wò mí, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ó padà wá, ó ní kí n má bínú, òfin ni.

Sodiqat, ọ̀nà tí àbúrò rẹ mọ̀ sí ilé yìí ti dí. N kò bá ọ jà. Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e fún alábẹ. Ṣùgbọ́n wá nǹkan ṣe, ìwọ tí o wà lójú ọ̀nà tí àwọn tó ń lọ sókè lọ́hùn-ún, sí Líbíyà, ń gbà. N kò tíì sọ fún ìyá rẹ. Ó rò pé iná ló tán nínú fóònù.

Bàbá rẹ


Abà Àpọ́nlé,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá, 2024

Sodiqat ọmọ mi,

Rótìmí lọ, ó bọ̀, kò mú ìwé wá. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ó ní ilé rẹ wà ní títì nígbà tóun dé ibẹ̀. Ṣé ìbínú ni? Bí ìbínú bá ni, kọ ìbínú náà sínú ìwé, n ó kà á.

Ìyá rẹ ti mọ̀. Ó fẹ́ kí n pè ọ́, n kò rí ọgbọ́n dá mọ́. Kò pariwo. Ó lọ mú fóònù àtijọ́, ó ní kí n lọ bá òun ṣájì rẹ̀. Mo ní kò sí síìmù nínú rẹ̀ mọ́. Ó ní òun gbọ́, kí n ṣáà lọ ṣájì rẹ̀. Ó dè é mọ́ etí ìró rẹ̀, òun pẹ̀lú rẹ̀ ló ń bẹ ẹ̀lùbọ́ wò lórí àpáta. Kò fọwọ́ kan tuntun mọ́. Ó ní ojú rẹ̀ ti dán jù, ohun tó bá dán tó báyìí kì í ríni.

Ọyẹ́ mú púpọ̀ lọ́dún yìí. N kò mọ ọmọ tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀rù fún.

Dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ


Pàràkú,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo bímọ. Obìnrin ni. Kò dúró de oṣù rẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n dá wa dúró sí fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìdí rẹ̀ nìyẹn tílẹ̀kùn wa fi wà ní títì. Inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí níbẹ̀rẹ̀. Ó ti ń mu ọmú báyìí. Ọmọ́tóyọ̀sí la sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò ju ewé ìrókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ. Kò sí ìbínú kankan. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lórí ibùsùn ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ka ìwé tí ẹ fi ròyìn síìmù náà sí mi létí. N kò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Èmi ni mo ní kí ẹ lọ gé e. Mo fi ẹnu dídùn wí i, mo fi yàrá àti ilẹ̀kùn ṣe àpèjúwe, mo ṣe bí ẹni tó mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ní ká máa lọ sílé ni mo ti gbé ọmọ fún ìyá ọkọ mi, mo sì lọ sí ibùdókọ̀ àwọn tó ń lọ sí Màláńfíìlì ní ẹnubodè àti ilẹ̀ Nìjẹ́. Mo mú àwòrán Túnjí tó wà lórí fóònù mi dání, èyí tó yà nígbà tó parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Mo fi han awakọ̀ kan, mo fi han òmíràn. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Ọmọ mi, gbogbo wọn ló máa ń rí báyìí nígbà tí wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ojú wọn kì í jọ àwòrán mọ́." Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà ní Àgádẹ́sì, ìlú etí aṣálẹ̀, tí wọ́n lé padà láti Líbíyà, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò kó wọn wálé, àwọn mìíràn sì ń dúró de ẹni tí yóò tún kó wọn padà síbẹ̀. Ó gba àwòrán náà sórí fóònù tirẹ̀. Ó ní òun yóò bi wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra síìmù mìíràn, kí ẹ fi orúkọ ara yín forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá wúlò fún ti Túnjí, a ó fi mọ̀ pé ẹ̀yin wà. Àìgbọ́ ohùn yín ń kó mi láyà jẹ. Ṣé Màmá yóò gbà láti wo ọmọ mi nínú ohun tó dán yẹn?

Sodiqat


Abà Àpọ́nlé,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 2025

Ìyá Ọmọ́tóyọ̀sí,

Mo kí ọ kú ewu. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò sin ọ́, yóò sin bàbá rẹ̀. A pa àgbébọ̀ adìẹ, Àlùfáà Jímọ̀ ṣe àdúrà, gbogbo abà jẹ níbẹ̀.

O ti mọ̀ pé mo ti ní síìmù mìíràn, ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kò kéré. Ohun tí o kò mọ̀ ni ìyà tí mo jẹ kí n tó gbà á. Ẹ̀rọ wọn kò rí ìlà kankan ní ìka mi. Ọmọkùnrin ibẹ̀ ní, "Bàbá, ṣé ẹ kò ní ìka ni?" Mo ní ọkọ́ ti jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní kí n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n fi òróró pa á. Àtàǹpàkò òsì ló padà yọ wá.

Àwòrán ọmọ náà dé. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ bí o ṣe kọ́ mi, títí ojú rẹ̀ fi kún gbogbo fóònù. Mo gbé e síwájú ìyá rẹ. Ó kọ́kọ́ yíjú. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Imú Túnjí rèé," ó sì gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Kò gbé e padà fún mi títí iná inú rẹ̀ fi tán. Nítorí náà n kò lè sọ pé nǹkan yìí kò wúlò. Oore rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e dání, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo gbé ohun tí mo fi nǹkan mìíràn pààrọ̀ dání.

Ìbéèrè kan wà tí n kò lè bi ọ́ lórí fóònù, nítorí etí ìyá rẹ kì í jìnnà sí mi. Mo máa ń fi síìmù tuntun pe nọ́ńbà àtijọ́. Mo máa ń lọ sí ẹ̀yìn àká pè é. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí Túnjí yóò gbọ́ bó bá pè. Obìnrin kan ni yóò dáhùn, yóò ní fóònù náà ti pa. Lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn mo dúró, mo gbọ́ ọ títí ó fi já fúnra rẹ̀. Mo wá ń rò ó pé bí ọmọ kan bá wà ní ilẹ̀ òkèèrè, tó ń pe bàbá rẹ̀ tó ti dàgbà, tó sì jẹ́ pé ohun tó ń gbọ́ lóṣù dé oṣù nìyẹn, kí ni yóò rò?

Bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́? Má tàn mí.

Bàbá rẹ


Pàràkú,
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi,

Ẹ ní kí n má tàn yín. N ó rò pé ẹ ti kú.

Awakọ̀ àgbà yẹn ti dé láti òkè. Ó ní òun fi àwòrán náà han ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún gbìyànjú. Bí ara Ọmọ́tóyọ̀sí bá le tó láti wọ mọ́tò, n ó gbé e wá bá yín lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀. N kò lè dá gbé ọ̀rọ̀ yìí níbí mọ́.

Sodiqat


Abà Àpọ́nlé,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹrin, 2025

Àdùnkẹ́ ọmọ mi,

O ti gbọ́ igbe ìyá rẹ lórí fóònù, ìwọ náà sì ti kígbe tìrẹ. Gbogbo abà ló dúró yí wa ká lọ́jọ́ náà, nẹ́tíwọ́kì náà ń já, kò sí gbólóhùn kan tó parí. Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, mo wà lóko, mo ń gé èbù. Mo gbójú sókè, mo rí Àlùfáà Jímọ̀ tó ń sáré bọ̀ láàárín ebè. O mọ̀ pé Àlùfáà kì í sáré. Kò wọ bàtà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó gbẹ bí igi àjókù, irùngbọ̀n bò ó lójú. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ nínú ara mi pé ó parí, ìròyìn ikú Túnjí ló dé, àjèjì yìí ló gbé e wá. Mo jókòó sórí ebè mo ń wò wọ́n.

Àlùfáà dé ọ̀dọ̀ mi, ó dì mí mú léjìká, ó ń mi mí jìgìjìgì. Ó ní, "Ó ṣì wà! Ó ṣì wà! Mo sọ fún ọ!" Èmi kọ́ ló ń bá wí, ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

Ọkùnrin náà dúró lọ́nà jíjìn díẹ̀, kò fẹ́ súnmọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ jókòó yìí?"

Ohùn ni mo fi mọ̀ ọ́n, Sodiqat. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú rẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Túnjí, èmi ni."

Ó ní, "Wọ́n ní ẹ ti pa. Mo pè, mo pè, mo pè. Wọ́n ní ẹ ti pa."

Mo ní, "Fóònù ló kú, ọmọ mi. Kì í ṣe èmi."

Ìgbà náà ló ṣubú sáàárín èbù tí mo gé, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Èmi náà sunkún. Àlùfáà dúró ti wa, ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sílẹ̀, òjò ọjọ́ kejì ló bá a níbẹ̀.

Àlùfáà ló ròyìn ìyókù fún mi. Ó ní níwájú mọ́ṣáláṣí ni Túnjí ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kò wọ ilé rárá. Aṣọ funfun kan tó fẹ́ fi ṣọ̀fọ̀ mi ló wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí òun, ó ní, "Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ sin bàbá mi sí?" Àlùfáà rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sóko ni, pé ọmọ náà ló gbọ́ ṣáájú òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kígbe. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ ara wọn yé ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Ìyá rẹ kò sáré. Nígbà tí mo mú Túnjí délé, ó gbé omi fún un, ó ní, "Wẹ̀." Ó wẹ̀. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, tó ti ilẹ̀kùn, tí mo sì gbọ́ igbe tí ìwọ náà gbọ́ nígbà tí mo pè ọ́.

Túnjí kò sọ púpọ̀. Ó ní Àgádẹ́sì lòun wà láti ìgbà tí wọ́n ti lé wọn kúrò ní Líbíyà. Ó ní ọkọ̀ tó ń kó wọn wálé wá lọ́pọ̀ ìgbà, òun kì í wọ̀ ọ́, nítorí ojú ń ti òun. Àwọn tó bá a níbẹ̀ ń múra láti tún padà sí Líbíyà, òun náà ti fẹ́ bá wọn lọ. Ó wá pè mí kó tó lọ. Ó ń pè mí, títí ó fi gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sí mi mọ́. Ló bá wọ ọkọ̀ ilé. Ó ní ó kéré tán, òun yóò kí ilẹ̀ tí wọ́n sin mí sí.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì dùn mí. Mo bi í léèrè. Mo ní, "Túnjí, mo bẹ̀ ọ́ lórí fóònù, mo bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí o pè kẹ́yìn, mo bẹ̀ ọ́ ṣáájú ìyẹn. O kò wá. Ìgbà tí o rò pé mo ti kú lo wá. Kí ló dé?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, mo rò pé alààyè lè dúró dè mí. Òkú ni n kò lè ní kó dúró."

 

Nítorí náà má ṣe da ara rẹ láàmú lórí ọ̀rọ̀ síìmù mọ́, má sì ṣe sọ pé ìwọ lo ṣe é. Bí o bá ń wá, má bi í léèrè púpọ̀. Ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ gbá lẹ́yìn rẹ̀, ó máa ń ta gìrì. Àpá kan wà léjìká rẹ̀ tí ìyá rẹ kò tíì rí. Mo fi ọmọ rẹ hàn án nínú fóònù, ó wò ó pẹ́, ó bi mí bóyá yóò jẹ́ kí òun gbé e. Mo ní ọmọ kì í kọ àbúrò ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i.

Mo ṣì ń bẹ̀rù, n kò ní parọ́ fún ọ. Bí ọ̀kadà bá dún lójú ọ̀nà, ojú rẹ̀ á lọ síbẹ̀, ojú tèmi náà á sì lọ sára rẹ̀. Ó ní òun yóò bá mi kọ ebè lọ́la, ó ti lọ pọ́n ọkọ́ fúnra rẹ̀. N kò tíì bi í nípa ọ̀túnla.

Máa gbé ọmọ náà bọ̀ kíákíá.

Bàbá yín,
Fàsásì